Ta Ló Ń Dáhùn Ìbéèrè Inú Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́ Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó oṣù, kì í sì í ṣe ti owó ọkọ̀. Àwọn mìíràn yóò rí àkọlé òkè yìí, wọn yóò ní kí ló kan àwọn nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, nítorí díẹ̀ ló kù kí owó tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù gbogbo wa bá a lọ.

Gbogbo wa la mọ kọ̀ǹpútà kékeré tó wà lábẹ́ tábìlì akọ̀wé ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Òun ló dúró láàárín kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí a fi ń ṣe ìṣirò owó ẹgbẹ́ àti íntánẹ́ẹ̀tì tó wà níta. Linux ló wà nínú rẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, kọngílá kan tí a gbé iṣẹ́ fún wá tún un ṣe, ó ní òun fẹ́ kí ó túbọ̀ fúyẹ́. Nígbà tó parí, ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn, ẹ̀rọ kò sì rí ẹnikẹ́ni mọ́. Kò rí kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn ará wa wá gba owó ìrànwọ́ ìsìnkú àti ti ìkómọ, èrò ti kún ọ́fíìsì dé ẹnu ọ̀nà. Kọngílá wo ẹ̀rọ síwá sẹ́yìn, ó mi orí, ó ní káàdì nẹ́tíwọọ̀kì ti jóná, ó sì ti ba pátákó inú ẹ̀rọ jẹ́, àfi kí á ra òmíràn. Ó kọ iye rẹ̀ sórí ìwé. A kò ní kọ iye náà síbí, kí inú má baà tún máa bí akápò. Ìgbìmọ̀ ti mú bírò láti fọwọ́ sí i.

Ọ̀kan nínú wa, oníṣẹ́ iná tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ẹ̀ka àtúnṣe, ló ní kí wọ́n dúró ná. Ó jókòó, ó tẹ lspci, ẹ̀rọ sì ka ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀ fún un lẹ́sẹẹsẹ: káàdì náà wà níbẹ̀, ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tó jóná kì í sáàbà dáhùn bẹ́ẹ̀. Ó wá gbé ìwé ètò méjì síwájú ara wọn, ti àtijọ́ àti èyí tí kọngílá ṣe. Nínú ti àtijọ́, ó rí CONFIG_R8169=m. Nínú ti tuntun, ohun tó rí ni # CONFIG_R8169 is not set. Dírẹ́bà káàdì náà ni kọngílá ti yọ kúrò. Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ má bínú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é lóòótọ́: ètò kékeré tó mọ bí wọ́n ṣe ń darí káàdì kan pàtó, dírẹ́bà lorúkọ rẹ̀. Mọ́tò wà, epo wà nínú rẹ̀, ọ̀nà dá, ṣùgbọ́n wọ́n ti lé dírẹ́bà lọ sílé. Níbo ni mọ́tò ń lọ?

Oníṣẹ́ iná wa tún ẹ̀rọ tàn, ó yan kernel àtijọ́ tí kò tíì kúrò níbẹ̀, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A kò ná kọ́bọ̀.

A kò sọ pé kọngílá fẹ́ jà wá lólè. Ó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ má mọ ohun tí òun dáhùn. Lójú tiwa, ìyẹn tilẹ̀ burú ju olè lọ, nítorí pé olè mọ ohun tó gbé.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ohun tó ń jẹ́ ìwé ètò yìí. Òyìnbó ń pe èkùrọ́ ní kernel. Orúkọ yẹn náà ni wọ́n fi ń pe ohun tó wà ní àárín gbùngbùn kọ̀ǹpútà, tó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ìyókù. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki nílẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ kernel tí à ń pè ní Linux ní 1991. Kí irú kernel bẹ́ẹ̀ tó di ohun tí ẹ̀rọ lè lò, ẹni tó ń pèsè rẹ̀ ní ìbéèrè ẹgbẹẹgbẹ̀rún láti dáhùn. Bí ó bá tẹ make menuconfig, àwọn ìbéèrè náà yóò tò jáde sójú ẹ̀rọ. Àwọn tó jẹ mọ́ bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa bá ẹ̀rọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ wà lábẹ́ Networking support, nínú Networking options. Ti dírẹ́bà káàdì wà lọ́tọ̀, lábẹ́ Device Drivers. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ kọngílá wa ti yọ̀.

Ìdáhùn ibẹ̀ kì í sáàbà ju y, m àti n lọ. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní fakitírì rí, kò ní pẹ́ tí yóò fi yé e. Ohun tí a bá dáhùn y fún dà bí òṣìṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, tó ti wà nínú ọgbà kí agogo tó lù. Ohun tí a bá dáhùn m fún, kásúà ni: ó jókòó síta géètì, bí iṣẹ́ bá dé, wọn a pè é wọlé. Ohun tí a bá dáhùn n fún, a kò gbà á síṣẹ́ rárá. Bí ọgbà tilẹ̀ ń jó, a kò ní rí i pè. Gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí ni wọ́n ń kọ sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ .config. Ẹni tó bá kọ fáìlì yẹn ló pinnu èdè tí ẹ̀rọ lè gbọ́ àti ilẹ̀kùn tí ẹ̀rọ ní.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ pàápàá ń tan ènìyàn jẹ. CONFIG_NET ni wọ́n ń pè é: ṣé o fẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì rárá? Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ dá wà nínú yàrá tí kò so mọ́ ohunkóhun lè dáhùn n, kó rò pé òun gbọ́n. Ó ti ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ léṣe nìyẹn. Àwọn ètò inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo ń gba ọ̀nà yìí bá ara wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́lé; CONFIG_UNIX, tó wà nísàlẹ̀ díẹ̀, ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Ó dà bí ẹni tó ní òun kì í gbàlejò, tó wá torí ẹ̀ mọ ògiri dí ilẹ̀kùn tó wà láàárín pálọ̀ àti ilé ìdáná.

Òmíràn wà tí àwa tí a ń na gáréèjì mọ̀ dáadáa. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kan bá fẹ́ bá òmíràn sọ̀rọ̀, yóò kọ́kọ́ ké sí i. Èkejì yóò dá a lóhùn, yóò sì fi àyè sílẹ̀ dè é. Ẹni àkọ́kọ́ yóò tún dáhùn, ọ̀rọ̀ á wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí àwọn tó máa ń pariwo pé, “Kọ́ńdọ́tọ̀, bá mi di síìtì mú, mò ń bọ̀!” tí wọn kì í sì í dé. Bí ọgọ́rùn-ún wọn bá ké bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ti kún, èrò tòótọ́ kò sì ríbi jókòó. Ohun tí àwọn ọ̀tá ṣe sí Panix nìyẹn, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ní New York, ní oṣù Kẹsàn-án 1996. Ọgbọ́n tí D. J. Bernstein dá ní ọdún kan náà ni pé kí ọkọ̀ má di síìtì mú fún ẹnikẹ́ni. Kí kọ́ńdọ́tọ̀ fi àmì àṣírí kan sínú nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, kí ó fi lé ẹni tó ké lọ́wọ́; ẹni tó bá mú nọ́ńbà náà padà wá ní tòótọ́ ni yóò jókòó. Ìbéèrè rẹ̀ wà nínú kernel, CONFIG_SYN_COOKIES lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ń dúró sí ojú títì, y ni kí ẹ dáhùn.

Ọ̀rọ̀ kásúà tí a sọ lókè ní ewu nínú, a kò sì fẹ́ sáré kọjá rẹ̀. Ní 2005 wọ́n fi èdè kan tó ń jẹ́ DCCP kún Linux. Àwọn tó ń lò ó kò tó nǹkan. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé tó ń pèsè Linux fún aráyé dáhùn m sí i, wọ́n rò pé kí ni kásúà kan tó jókòó síta géètì lè ṣe. Wọ́n gbàgbé pé kásúà yìí kì í dúró de ọ̀gá kí ó tó wọlé. Olùlò lásán tí kò ní àṣẹ kankan lórí ẹ̀rọ, bí ó bá ti lè béèrè fún un, kernel yóò ṣí géètì fún un fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kejì 2017, Andrey Konovalov fi àléébù kan hàn nínú DCCP: ẹni tó bá ti ráyè wọ ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí olùlò kékeré lè gba ibẹ̀ di ọ̀gá pátápátá. Àléébù náà ti wà níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, lórí ẹ̀rọ àwọn tí kò gbọ́ orúkọ DCCP rí láyé wọn. Ẹni tó ti dáhùn n sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn. Ní 2025 wọ́n yọ DCCP kúrò nínú Linux, bí wọ́n ti yọ èdè àtijọ́ kan tó ń jẹ́ DECnet ní 2022.

Nígbà tí oníṣẹ́ iná wa ka ìyókù ìwé kọngílá, ó tún rí nǹkan. Netfilter ni ọlọ́dẹ tó ń dúró lẹ́nu géètì nínú kernel, tó ń wo ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó ń jáde. Kọngílá ti gbà á síṣẹ́, ó sì ti kọ òfin fún un, ṣùgbọ́n òfin IPv4 nìkan ló kọ. Ó sì ti dáhùn y sí IPv6, tí í ṣe ọ̀nà tuntun tí àdírẹ́sì rẹ̀ gùn. Nínú iptables tó lò, òfin ọ̀nà kan kì í ká ọ̀nà kejì mọ́. Ip6tables ló ń ṣọ́ IPv6, ẹnikẹ́ni kò sì kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ọlọ́dẹ gbé kóńdó lọ́wọ́ níwájú ilé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀ gbayawu, orúkọ gbogbo wa àti iye owó tí oníkálukú ń dá sì wà nínú ilé. Kì í ṣe ẹ̀ka wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn tó ń lo nftables, tó wọ inú kernel ní 2014, lè kọ òfin kan ṣoṣo tí yóò ká ọ̀nà méjèèjì mọ́, ohun tí a sì ń lò báyìí nìyẹn.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń wa ọkọ̀, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì nìkan ni. Nínú àtòjọ Networking yẹn náà, ìbéèrè kan wà tó ń jẹ́ CONFIG_CAN. CAN ni wáyà tí ẹ̀yà ara ọkọ̀ ìgbàlódé fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: ẹ́ńjìnnì ń sọ iye tó ń yí, búrékì ń sọ pé wọ́n tẹ òun. Ilé-iṣẹ́ Bosch nílẹ̀ Jámánì ló ṣe é, wọ́n sì fi han ayé ní 1986. Ó dé inú Linux ní 2008, àwọn oníṣẹ́ ìwádìí Volkswagen sì wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ẹ̀rọ fakitírì púpọ̀ ń lò ó pẹ̀lú. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni èyí: ọ̀rọ̀ tó ń lọ lórí wáyà CAN kì í gbé orúkọ ẹni tó sọ ọ́ dání. Nọ́ńbà ọ̀rọ̀ nìkan ló máa ń ní. Ohunkóhun tí wọ́n bá so mọ́ wáyà náà lè sọ pé ọkọ̀ ń sáré, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé, “Ìwọ ta ni?”

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n kọ kúẹ́rì fún ọ̀kan nínú àwọn dírẹ́bà wa, ẹni tó ti ń wakọ̀ láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì wà nílé ìwé. Àpótí tí wọ́n dè mọ́ inú ọkọ̀ rẹ̀ ló sọ pé ó sáré kọjá òté. Ó ní òun kò sáré. Ẹgbẹ́ béèrè pé ta ló ṣètò àpótí náà, kí ló wà nínú kernel rẹ̀, kí ni wọ́n so mọ́ wáyà ọkọ̀? Èsì tí a rí gbà ni pé àṣírí ẹni tó ta àpótí ni. Ẹlẹ́rìí tí kò ṣeé bi léèrè ọ̀rọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níwájú àwọn ọ̀gá bí a ti ń kọ ìwé yìí.

A ní ohun tí a lè fi bá wọn sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sì mọ̀. Láti 1992 ni Torvalds ti gbé Linux sábẹ́ ìwé àṣẹ kan tó ń jẹ́ GPL. Ẹnikẹ́ni lè lo Linux, kó ṣí i wò, kó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí onítọ̀hún lè rí ìwé tí wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú àwọn ìlànà tí wọ́n fi kó o jọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kọ́. Ní 2004, Harald Welte, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ Netfilter, pe ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ráùtà lẹ́jọ́ ní Munich nílẹ̀ Jámánì, nítorí pé wọ́n mú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tà, wọn kò sì tẹ̀lé ìwé àṣẹ náà. Kóòtù dá Welte láre. Àpótí inú ọkọ̀ yẹn, Linux ni wọ́n kọ sínú ìwé tó bá a wá. Ilé-iṣẹ́ tó rà á lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè kernel inú rẹ̀, àwa náà sì lè ní kí wọ́n béèrè. A kò ní tan yín: ètò tó ń ṣírò eré lè jẹ́ ti olówó, kí GPL má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kernel lè gbọ́ àti ohun tí kò lè gbọ́, kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ sọ fún wa pé kí á fi eléyìí sílẹ̀ fún àwọn tó kàwé rẹ̀. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a kò gbà. Àwọn náà kọ́ ló kàwé lọ́yà, síbẹ̀ wọ́n mọ ìwé àdéhùn wa pẹ̀lú àwọn ọ̀gá láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn, torí pé ìyà ló kọ́ wọn. Dírẹ́bà tí kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mẹkáníìkì ń rí pa owó lára rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ kan sì wà tí wọ́n ti gbọ́ ìtàn yìí, tí ara ń yá wọn láti máa kó kernel jọ fúnra wọn. Ẹ fara balẹ̀! Kernel tí Debian tàbí Ubuntu bá pèsè tó fún ọ́fíìsì wa. Àwọn náà ti dáhùn m sí ohun púpọ̀ kí káàdì ẹnikẹ́ni má baà ṣọ̀fọ̀ dírẹ́bà, àtúnṣe àléébù sì ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá déédéé. Bí a bá fẹ́ kí kásúà kan má wọlé, fáìlì kékeré kan nínú /etc/modprobe.d tó láti dí i lọ́nà. Ìfúyẹ́ tí kọngílá ń wá, ta ló bẹ̀ ẹ́? Ohun tó kàn wá ni kíkà. Ìdáhùn kernel tó ń ṣiṣẹ́ máa ń wà nínú /boot, nínú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú config. Ẹni tó bá mọ a-b-d lè wá ìlà kan nínú rẹ̀. Bí ìbéèrè kan bá sì rú u lójú, àlàyé wà lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbéèrè nínú menuconfig, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì parí sí pé bí kò bá dá ọ lójú, ìdáhùn báyìí ni kí o fún un.

Nítorí náà, a ń gbé àbá wá sí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀. Kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn mẹ́ta, ọ̀kan láti fakitírì, ọ̀kan láti gáréèjì, ọ̀kan láti ọ́fíìsì, kí wọ́n kọ́ bí a ti ń ka ìwé ètò yìí. Kí kọngílá kankan má gba owó tó kù lọ́wọ́ akápò títí yóò fi kó .config àti password lé akọ̀wé lọ́wọ́, tí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà yóò sì ti kà á wò pẹ̀lú èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ àpótí inú ọkọ̀ kún ohun tí a ó bá àwọn ọ̀gá sọ nígbà àdéhùn tuntun: bí ẹ̀rọ yóò bá jẹ́rìí lòdì sí òṣìṣẹ́, kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ rí ìwé ètò rẹ̀.

Oníṣẹ́ iná wa ti gbà láti máa kọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kí ó tó wọṣẹ́ òru. Ó ní òun kò gba owó, àfi kí ẹgbẹ́ máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀.